Ẹ Yí Ìwé Ìdìbò Yẹn Sẹ́yìn: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ìyípadà Ṣátà Ìlú New York Yẹ̀wò Kí Ẹ Tó Dìbò Sí I

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ wà ní New York, Bronx o, Brooklyn o, Staten Island o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Tá a bá dé ibi ìdìbò, a máa ń wá orúkọ ẹni tá a fẹ́, a fi bírò kun róbótó kékeré ẹ̀gbẹ́ orúkọ yẹn, a ti ìwé bọ ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n fún wa ní sítíkà, a sáré gba ibi iṣẹ́ lọ. Lójú tiwa ó ti parí nìyẹn. Àmọ́ ìwé yẹn ní ẹ̀yìn o. Ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń tẹ àwọn ìbéèrè tó ń yí ṣátà ìlú padà sí, ìyẹn ìwé òfin tó sọ ohun tí méyọ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ẹni tó lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́lé alájà mẹ́wàá sẹ́yìn ilé yín, iye ọdún tí káńsẹ́lọ̀ lè lò lórí àga.

Ní November 4, 2025 tá a dìbò yan méyọ̀, mọ̀mí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú wọn ń dùn. "Ìyá Ìbejì, mo ti dìbò temi o, ẹsẹ̀ ń dùn mí ṣùgbọ́n mo tò ó." Mo ní ẹ kú iṣẹ́ mà, Olúwa á jẹ́ ká rí èrè ẹ̀, kí lẹ wá mú nínú àwọn ìbéèrè mẹ́fà tó wà lẹ́yìn? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀yìn ibo?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó lé lógún ọdún tí mọ̀mí yìí ti ń san rẹ́ǹtì ní Bronx, ọ̀rọ̀ ilé ló sì kún inú ìbéèrè ọjọ́ náà, wọn ò tiẹ̀ rí i.

Kí n tó lọ jìnnà, èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lọ: tó bá jẹ́ green card lẹ ní, ẹ má lọ dìbò o. Ní 2022 ìlú New York ṣe òfin kan tó ní kí àwọn tó ní green card àtàwọn tó ní ìwé iṣẹ́ máa dìbò ìlú, inú ọ̀pọ̀ wa dùn, wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York sì fagi lé e ní March 2025. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún yín pé òfin yẹn ṣì wà, ó ń ṣì yín lọ́nà ni. Ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó lọ dìbò lè fọwọ́ ara ẹ̀ ba ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀ jẹ́, wọ́n lè torí ẹ̀ dá a padà sílé. Àmọ́ kí ìbéèrè tó dé orí ìwé ìdìbò, wọ́n máa ń pe àwọn ará ìlú kí wọ́n wá sọ èrò wọn, ibẹ̀ yẹn kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé lọ́wọ́ yín, ẹ lè sọ tẹnu yín. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tẹ́ ò tíì forúkọ sílẹ̀, ìwé yín gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn kó tó ku ọjọ́ 10 sí ìdìbò, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹwàá.

Ó dáa. Kí lèèyàn máa wá fi wọn irú ìbéèrè báyìí wò? Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí mo wà níbí. Òfin wa tẹ́lẹ̀ ni pé èèyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó kí owó ẹgbẹ́ tó jáde ní báńkì, ààrẹ, akápò, pẹ̀lú akọ̀wé owó. Wọ́n wá gbé àtúnṣe wá sí ìpàdé, ìwé tí wọ́n pín fún wa, gbólóhùn kan péré ló wà nínú ẹ̀, pé ká tún òfin owó ṣe kí ìrànlọ́wọ́ lè máa tètè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá bímọ tàbí tó bá ń ṣọ̀fọ̀. Ta ló fẹ́ dìde pé òun ò fẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Gbogbo wa nawọ́, èmi náà nawọ́, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń ta sánsán láti kíṣìnì, kálukú fẹ́ kí ìpàdé tètè tán. Ohun tí àtúnṣe yẹn ṣe gan-an ni pé ó yọ ìbuwọ́lù méjì kúrò, ó ku ìbuwọ́lù ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọdún kejì tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kú tá a fẹ́ gbé òkú ẹ̀ lọ sílé, a dé báńkì, owó ò sí. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ẹni yẹn ò rú òfin kankan bó ṣe ń gbówó jáde, àwa la nawọ́ sí i.

Látìgbà yẹn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ìwé òfin èyíkéyìí ni pé: agbára wo ló kúrò lọ́wọ́ ta, ọwọ́ ta ló bọ́ sí? Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é lè dáa, ó lè dáa gan-an ni o, ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ tó ń yọ àti ọwọ́ tó ń wọlé kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ni.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i kì í ṣe lórí ìwé ìdìbò. Èyí tó wà lórí ìwé ìdìbò kúrú jù, ẹni tó ń tà á ló sì kọ ọ́. Tọ́dún bá ti wọ October, Campaign Finance Board, àjọ ìlú tó ń mójú tó owó ìpolongo ìbò, máa ń fi ìwé ìtọ́sọ́nà olùdìbò ránṣẹ́ sílé àwọn tó forúkọ sílẹ̀, àwa la máa ń gbé e jù sínú gábéèjì pẹ̀lú ìwé ìpolówó pizza. Ẹ má jù ú nù mọ́. Àlàyé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀, ohun tí àwọn tó fara mọ́ ọn ń sọ àti ohun tí àwọn tó kọ̀ ọ́ ń sọ. Ẹ ka ti àwọn tó kọ̀ ọ́ ṣáájú, torí àwọn yẹn ló máa ń dárúkọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Tẹ́ ẹ bá wá ráyè, ẹ wá ìròyìn ìkẹyìn tí ìgbìmọ̀ tó kọ ìbéèrè náà gbé jáde, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Lápá ìparí ẹ̀ lẹ máa rí ọ̀rọ̀ òfin fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n máa ń fa ìlà sí abẹ́ ẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò, wọ́n máa ń kó o sínú àkámọ́. Èmi máa ń mú bírò pupa, màá kọ́kọ́ wá gbogbo inú àkámọ́ yẹn, torí ohun tí wọ́n ń yọ kúrò kì í sábà dé inú ìpolówó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti 2025 yẹn ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè mẹ́fà ni. Àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìlú, ti gbogbo ìpínlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n fi ń ṣeré ìdárayá orí yìnyín ní òkè Adirondack, mi ò ní fi yín lákòókò ṣòfò níbẹ̀. Ìkarùn-ún ní kí wọ́n kó máàpù ìlú, tó jẹ́ nǹkan bí 8,000 bébà tó wà káàkiri ọ́fíìsì borough márùn-ún (àwọn agbègbè ńlá tí wọ́n pín ìlú sí), sórí kọ̀ǹpútà lójú kan. Ìyẹn ò le, mo ní bẹ́ẹ̀ni. Ibi tọ́rọ̀ wà ni ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, pẹ̀lú ìkẹfà.

Bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá tó ju ohun tí òfin àdúgbò gbà lọ, ó máa gba ọ̀nà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní ULURP, bí oṣù méje. Ó máa dé ọ̀dọ̀ community board, ìyẹn ìgbìmọ̀ àdúgbò, ó máa dé ọ̀dọ̀ ààrẹ borough, ó máa dé City Planning Commission, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ilẹ̀ ìlú, káńsù ìlú ló máa wá sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Àṣà kan sì wà ní káńsù tí kò sí nínú òfin kankan: tí káńsẹ́lọ̀ àdúgbò yẹn bá ti ní òun ò fẹ́, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Nítorí náà ẹnì kan péré nínú 51 lè dá ilé ọgọ́rùn-ún ìdílé dúró. Àwọn àdúgbò kan ti kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú títí, àwọn àdúgbò kan ò kọ́ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kún fọ́ọ̀mù lọ́tìrì ilé, tẹ́ ẹ ti fún un lọ́dún márùn-ún tẹ́ ò tíì gbọ́ nǹkan kan, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ìbéèrè kejì ní kí ilé olówó pọ́ọ́kú tí owó ìjọba wà nínú ẹ̀ gba ọ̀nà kúkúrú, kí àwọn àdúgbò 12 tó bá kọ́ irú ilé yìí kéré jù náà ní ọ̀nà kúkúrú tiwọn. Ìkẹta ní kí iṣẹ́ kéékèèké, ilé tí kò tóbi púpọ̀ àti iṣẹ́ bí àtúnṣe ibi tí omi ń gbà, parí láàárín nǹkan bí 90 ọjọ́, kó má sì dé ọ̀dọ̀ káńsù rárá lọ́pọ̀ ìgbà. Ìkẹrin ní tí káńsù bá kọ ilé olówó pọ́ọ́kú, kí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta jókòó lé e, méyọ̀, olórí káńsù, pẹ̀lú ààrẹ borough ibẹ̀. Tí méjì nínú mẹ́ta bá fẹnu kò, wọ́n lè yí ìpinnu káńsù padà.

Ó yá, ẹ bi í ní ìbéèrè yẹn. Agbára wo ló kúrò, lọ́wọ́ ta? Nínú gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ káńsù ló ń kúrò. Ọwọ́ ta ló bọ́ sí? Nínú ìkejì àti ìkẹta, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tó jẹ́ pé yíyàn ni wọ́n yàn wọ́n, ẹ ò dìbò fún wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí méyọ̀ mú. Nínú ìkẹrin, ó bọ́ sọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta tí gbogbo wọn gba ìbò wá, ọ̀kan nínú wọn sì ti inú káńsù wá. Ẹ rí i pé wọn ò rí bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin kan náà ni wọ́n kọ sí gbogbo ẹ̀ lórí ìwé ìdìbò. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ní ìkejì, tẹ́ ẹ bá mú bẹ́ẹ̀ni, nǹkan á yára, tẹ́ ẹ bá mú bẹ́ẹ̀kọ́, nǹkan á pẹ́. Ta ló máa dúró nínú ìlà ní aago méje àárọ̀ tó máa ní òun fẹ́ kó pẹ́? Ìrànlọ́wọ́ tó tètè ń dé ni mo rántí. Ọ̀rọ̀ káńsù wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìparí gbólóhùn ni wọ́n fi í sí.

Káńsù fúnra wọn ní ká kọ gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ á pariwo, ìyẹn ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ìgbìmọ̀ tó kọ ìbéèrè náà, méyọ̀ ìgbà yẹn, Eric Adams, ló yan wọ́n. Ìyẹn náà ò sọ pé iṣẹ́ wọn ò dáa, wọ́n ṣe ìpàdé ìta gbangba kiri borough márààrún. Àmọ́ ẹ máa béèrè ẹni tó gbé e wá, torí òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń lò nígbà yẹn fún ìgbìmọ̀ tí méyọ̀ bá yàn láṣẹ pé tí ìbéèrè tiwọn bá ti wọ orí ìwé ìdìbò, ó lè ti ti àwọn ẹlòmíràn kúrò. Ní 2024 ó ṣẹlẹ̀: káńsù fẹ́ kí ará ìlú dìbò sí i bóyá kí káńsù máa fọwọ́ sí àwọn kọmíṣọ́nà tí méyọ̀ bá mú, ìgbìmọ̀ méyọ̀ gbé ìbéèrè tiwọn síbẹ̀, ti káńsù ò sì dé iwájú wa rárá. Nítorí náà ẹ béèrè ohun tí kò sí lórí ìwé pẹ̀lú ohun tó wà níbẹ̀.

Èmi o, mo ní bẹ́ẹ̀ni sí ìkejì, mo ní bẹ́ẹ̀ni sí ìkẹrin, mo kọ ìkẹta. Ìkejì, torí ọ̀nà kúkúrú yẹn, iṣẹ́ tí ilé olówó pọ́ọ́kú bá wà nínú ẹ̀ nìkan ló wà fún, community board ṣì máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀, àwọn àdúgbò tó ti ń sá fún un látọjọ́ yìí á wá gbé díẹ̀ nínú ẹrù tí Bronx ti ń rù. Ìkẹta, mo wò ó, mo wò ó, "tí kò tóbi púpọ̀" yẹn ò dá mi lójú, kò sì sọ pé ilé tálákà nìkan ni, mo wá ní kí káńsù ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi dìbò bẹ́ẹ̀ni sí i, a jọ jà á lórí tábìlì títí ẹ̀bà fi tutù. Ìlú gba ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún wọlé. Ìkẹfà tó fẹ́ kí ìbò ìlú bọ́ sí ọdún tí wọ́n ń dìbò ààrẹ Amẹ́ríkà kùnà. Èmi náà kọ ìyẹn. Wọ́n ní èèyàn tó ń jáde á pọ̀ sí i, òótọ́ ni, á pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ yẹn lágbára, ó sì fẹ́ẹ̀ yí mi lérò padà. Ohun tó dá mi dúró ni pé lọ́dún tí ariwo ààrẹ bá gba gbogbo tẹlifíṣọ̀n, ta ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà àdúgbò wa? Àti pé kódà ká ní ó wọlé, ìpínlẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ yí òfin tiwọn padà kó tó lè ṣiṣẹ́.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni àpò kan tí wọ́n kó nǹkan mẹ́ta sí. Ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ni sí ìdajì ìbéèrè. Ní 2019, ìdìbò tá a ti ń to orúkọ ẹni márùn-ún bá a ṣe fẹ́ràn wọn sí, inú ìbéèrè kan náà ni wọ́n kó o sí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkókò tí wọ́n á máa dìbò tí àga kan bá ṣófo, àti ọ̀rọ̀ bí wọ́n á ṣe máa pín ààlà àdúgbò káńsẹ́lọ̀. Ó wọlé, èyí táwọn èèyàn sì mọ̀ nínú ẹ̀ ni ti orúkọ márùn-ún. Ní 2024, wọ́n kó ọ̀gá tó máa mójú tó òwò àwọn obìnrin àtàwọn ẹ̀yà tó kéré níye, ìwé àṣẹ fíìmù yíyà, àti ìgbìmọ̀ ìwé ìtàn ìlú pọ̀ sínú ìbéèrè kan, ìyẹn nìkan ni ìlú kọ̀ nínú márùn-ún ìlú tó wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí irú àpò bẹ́ẹ̀, ẹ mú èyí tó burú jù nínú ẹ̀, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè gbé pẹ̀lú ẹ̀ torí èyí tó dáa. Tí ò bá ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀kọ́ ni, wọ́n lè tún un gbé wá lọ́dún mìíràn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́dún kan náà yẹn, ìbéèrè kan wà tó fún àwọn onímọ́tótó ìlú lágbára sí i lórí títì àti ilẹ̀ ìjọba. Ó dùn gbọ́, ta ni kò fẹ́ ìmọ́tótó? Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì ló tètè rí i pé ó kan àwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ àti ìpara lójú títì, tàbí tẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń tà á, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi hàn án kó tó di ọjọ́ ìdìbò, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé méyọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ràn kúrò lọ́kàn. Méyọ̀ tó wà lórí àga lónìí á lọ, ṣátà á wà níbẹ̀. Ẹ ronú ẹni tẹ́ ẹ ò fẹ́ rí rárá, kẹ́ ẹ wá fi agbára tuntun yẹn sọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló lè fi ṣe? Ọ̀rọ̀ sáà ìṣèlú ni mo máa ń fi ṣàlàyé èyí. Ní 1993 àwọn ará ìlú dìbò pé sáà méjì péré ni kí méyọ̀ àti káńsẹ́lọ̀ máa lò. Ní 1996 wọ́n tún bi wọ́n bóyá kó di mẹ́ta, wọ́n kọ̀. Ní 2008, káńsù fúnra wọn jókòó, wọ́n dìbò 29 sí 22, wọ́n sọ ọ́ di sáà mẹ́ta láìbi ẹnikẹ́ni, Michael Bloomberg sì lo sáà kẹta ẹ̀. Ó di 2010 kí ará ìlú tó dìbò dá a padà sí méjì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wo ìyípadà kan, ẹ béèrè pé ta ló lè yí i padà lọ́la. Ṣé káńsù lè fi òfin lásán tú u ká, àbí ó dìgbà tí wọ́n bá tún padà wá bi wá?

Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni ìwé yìí o. Kó tó di 1989, ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Board of Estimate tó ń pín owó àti ilẹ̀ ìlú, ìbò kan ni ààrẹ Brooklyn ní níbẹ̀, ìbò kan náà ni ti Staten Island, nígbà tí èèyàn Brooklyn lé ní mílíọ̀nù méjì, ti Staten Island ò sì tó 400,000. Supreme Court ní Washington ní kò bófin mu, wọ́n kọ ṣátà tuntun, ará ìlú fọwọ́ sí i ní November ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ yẹn kú, káńsẹ́lọ̀ kúrò ní 35, ó di 51. Ìdí nìyẹn tí àwọn àdúgbò tó jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú àti àlejò fi túbọ̀ ní ẹni tiwọn ní káńsù. Ìwé ìdìbò ló ṣe é.

Tó bá jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ṣì ń gba èrò, ẹ lọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ò tíì lè dìbò. Ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 ni wọ́n máa ń fún èèyàn, aago á máa ka sílẹ̀ níwájú yín, tó bá ti dún wọ́n á ní ẹ ṣeun. Nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni gígùn bí ti ilé wa. Ẹ sọ àdúgbò tẹ́ ẹ ń gbé, ẹ sọ nọ́ńbà tàbí orúkọ ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ lé, ẹ sọ nǹkan kan péré tó ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà nínú ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé bébà tí mo mú dání ń dún nínú máìkì. Mo ka gbólóhùn mẹ́rin, mo jókòó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin ará Bangladesh kan, di ọwọ́ mi mú, nǹkan kan náà lòun náà wá sọ.

Tó bá wá di ọjọ́ ìdìbò, ẹ lọ sórí vote.nyc, ìkànnì àjọ ìdìbò ìlú, ṣáájú, ẹ wo àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò tó jẹ́ ti àdírẹ́sì yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi àmì sí i nílé ní ìjókòó pẹ̀lẹ́. Ẹ lè mú un wọlé dání, òfin ò kọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ yí ìwé sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun. Ìbéèrè tó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀, kò ba ìyókù jẹ́. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àwọn tó bá dáhùn nìkan ni wọ́n máa kà, tí èèyàn púpọ̀ bá fò ó, àwọn díẹ̀ ló máa pinnu fún gbogbo wa. Tẹ́ ẹ bá kun ibi tí kò yẹ, ẹ má fi bírò fa igi lé e, ẹ dá a padà, wọ́n á fún yín ní òmíràn.

Àwọn mọ̀mí àti dádì wa tí ìwé kíkà lédè Gẹ̀ẹ́sì ń ni lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí: òfin ìjọba àpapọ̀ gbà wọ́n láyè kí wọ́n mú ẹni tó bá wù wọ́n wọlé tó máa kà á fún wọn, ọmọ wọn, aládùúgbò, ẹnikẹ́ni, bí kì í bá ṣáà ti ṣe ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, aṣojú ọ̀gá náà, tàbí olóyè tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ibi ìdìbò kankan lé yín sẹ́yìn. Iṣẹ́ yín sì ni kẹ́ ẹ kà á fún wọn bó ṣe wà, kì í ṣe kẹ́ ẹ yàn fún wọn.

Sunday tó tẹ̀ lé ìdìbò yẹn, mo mú àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò temi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A jókòó sí bèsìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ìsìn, mọ̀mí wọ gíláàsì wọn, mo ń ka ìbéèrè ìkẹrin fún wọn lédè wa, mo ṣàlàyé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta yẹn.

"Àwọn mẹ́ta yẹn, ta ló yàn wọ́n?"

Mo ní àwa la yan méyọ̀ àti ààrẹ borough mà, olórí káńsù, àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fi í jẹ olórí.

"Káńsẹ́lọ̀ ti àdúgbò tèmi ńkọ́, tí mo lè lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ̀? Ibo ló wà níbẹ̀?"

Mo ní kò sí níbẹ̀ mà.

Wọ́n gba bírò pupa yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ẹ̀, wọ́n ní kí n padà sí ìkejì kí n tún un kà.